Líìgì Etíkun àti Líìgì Òkè

Orin ni mo fi ń jí, inú mi kì í sì í pẹ́ dùn. Ìdí nìyẹn tí Ṣìkẹ́mi ọmọ mi fi ń mú mi lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ń bójú tó ní Jonesboro, l'Amẹ́ríkà, pé kí n máa dá wọn lára yá. Ibẹ̀ ni mo ti bá Eli àti Seth, bàbá arúgbó méjì, aláwọ̀ dúdú ọmọ Georgia, tí wọ́n ń jà lórí bésíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, tí bàbá kálukú wọn gbá kí a tó bí wọn. Orúkọ lásán la ń pe ara wa níbẹ̀; èmi nìkan ni wọ́n ń pè ní Mama.

Líìgì Etíkun ni bàbá Eli wà, ti Seth wà ní líìgì Òkè. Líìgì méjèèjì ò fẹ́ rí ara wọn sójú. Wọ́n ń tan agbábọ́ọ̀lù ara wọn lọ. Wọ́n wá dá ọjọ́ kan tí wọn ó pàdé, kí aráyé lè mọ èyí tó lágbára jù. Eré yẹn ò wáyé. Eli ní àwọn Òkè ló sá. Seth ní àwọn Etíkun ni ò wá.

Láràárọ̀, wọ́n á jókòó sí báránńdà.

"Seth, bàbá ẹ ti dé pápá, àbí ó ṣì ń wá bàtà?"

"Ó ti débẹ̀ látàná. Bàbá tìẹ ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Mo dá orin kan fún wọn:

Ta ló gbá a? Bàbá Eli ló gbá a.
Ta ló mú un? Bàbá Seth ló mú un.

Èmi á bèèrè, kálukú á panu mọ́ títí á fi kan bàbá tiẹ̀, á wá gbè é.

Lọ́jọ́ kan, Eli bínú sí Seth, ó da tíì nù. Àgbà kì í wo ìjà níran. Mo rántí ìyá mi: tí tọkọtaya bá ń jà, á sọ fún ìyàwó pé ọkọ ti tọrọ àforíjì, á sì lọ sọ bákan náà fún ọkọ. Èmi náà fi Gẹ̀ẹ́sì táṣẹ́rẹ́ tí mo gbọ́ sọ fún Eli pé Seth ti gbà pé àwọn Òkè ló sá. Mo sọ fún Seth pé Eli ti gbà pé àwọn Etíkun ni ò wá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnì kejì ṣe yẹ̀yẹ́, kí wọ́n má sì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ariwo rọlẹ̀ ní báránńdà. Mo jó.

Lọ́jọ́ kẹta, Eli ò jáde.

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, Mama? Seth ti gbà."

Kò jẹun mọ́. Dókítà ní òun ò rí àìsàn tuntun kankan. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fi sin ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bá Seth níwájú àga Eli.

"Irọ́ ni mo pa fún ẹ, Seth. Eli ò gbà rí."

Ó yíjú sí mi. "Ṣé o sọ fún òun náà pé mo gbà?"

"Mo sọ ọ́."

"Ó sì gbà ẹ́ gbọ́?"

"Ó gbà mí gbọ́."

Ó fọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Kọ orin yẹn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́: Ta ló gbá a? Seth panu mọ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó ń wo àga. Kò sẹ́ni tó gbè é. Mo tún un kọ: ta ló gbá a?

"Bàbá Eli ló gbá a," ni Seth fi ohùn tó ha gbè é.

Ó wá na ìka sí àga tó ṣófo.

"Àmọ́ ẹ̀yin Etíkun lẹ ò wá."