Bẹ́ńṣì Àwọn Tí Kò Pariwo

Kí Ọlọ́run tí ó mọ ẹyinjú wa, tó fi ìpéǹpéjú bò ó bí ẹni fi aṣọ bo ọmọ tuntun, má ṣe jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kú mọ́ wa lójú. Àdúrà tí Bàbá Télọ̀ ń gbà lábẹ́ ahọ́n nìyẹn bó ti jókòó ní gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn ojú, ọwọ́ méjèèjì lórí eékún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò ráyè ṣe àmín. Ó ti lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ti padà, ó tún ti lọ.

Má-dá-mi-dúró ni àwọn oníbàárà ń pè é, kò sì bínú sí i. Òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan, kálukú pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti ń yapa. Etí aṣọ á wọ́, apá òsì á gùn ju tọ̀tún lọ. Obìnrin kan tó ní ilé-ẹ̀kọ́ ti da aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sórí tábìlì wọn, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ rán èyí, àbí ewúrẹ́ yín?" Má-dá-mi-dúró tọrọ gáfárà, ó sì yíjú wo bàbá rẹ̀, arúgbó tó ti ń wá ojú abẹ́rẹ́ fún òwú láti àárọ̀. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Ìdí tó fi mú un wá nìyẹn. Kí dókítà kan ṣáà ti là á mọ́lẹ̀ pé ojú Bàbá ti rẹ̀, kí Bàbá lọ sinmi, kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù má bàa bàjẹ́ tán. Bàbá gbà láti wá, àmọ́ ó ṣe àdéhùn: bí ojú òun bá dára, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí òun fi ẹ̀rọ sílẹ̀ mọ́.

Bẹ́ńṣì méjì ló wà nínú gbọ̀ngàn náà. Èyí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ti àwọn tó fara pa ni. Káfíńtà tí èérún igi ta sí lójú wà níbẹ̀, ọmọ tí ẹnìkejì rẹ̀ fi pẹ́ńsù gún lójú wà níbẹ̀, wẹ́dà tí ń fi iná jó irin mọ́ irin sì wà níbẹ̀ tó ń da omijé bí ọ̀ṣọ̀rọ̀ òjò.

"Irin ni àbí iná?" nọ́ọ̀sì bi wẹ́dà náà.

"Iná ni, mà. Mo kàn wò ó fírí ni."

"Fírí. Awò ìbojú rẹ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́rùn mi, mà."

"Ṣé ọrùn lo fi ń wo irin ni?"

Gbogbo bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Wẹ́dà náà rẹ́rìn-ín, ó sì ké yéè, nítorí ẹ̀rín náà dùn ún dé inú ẹyinjú.

Bẹ́ńṣì kejì, lẹ́bàá ògiri, dákẹ́ rọ́rọ́. Níbẹ̀ ni Bàbá jókòó sí, láàárín àwọn tó rí bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

"Kí ló ń ṣe àwọn wọ̀nyí?" Má-dá-mi-dúró béèrè. "Kò jọ pé ibì kankan ń dùn wọ́n."

"Kò dùn wọ́n lóòótọ́," nọ́ọ̀sì dáhùn. "Bẹ́ńṣì yìí ni mo ń bẹ̀rù jù. Ẹni tí irin ta sí lójú á sáré wá. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀ á ní kò sí nǹkan, torí ojú kan ń bo àṣírí èkejì. Ìgbà tí èkejì bá ń lọ ló máa tó wá bá wa."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ló máa kan bàbá mi? Mo fi aṣọ sórí ẹ̀rọ wá."

"Aṣọ náà ò lẹ́sẹ̀, àǹtí. Ẹ máa bá a níbẹ̀."

Nígbà tó kàn wọ́n, Bàbá dúró gbọn-in lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n gbé pátákó lẹ́tà kọ́ sí.

"Mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ojú mi ṣe. Ìwọ kọ́kọ́ jókòó kí n wò ó."

"Bàbá! Ṣé wọ́n máa gé yín jẹ ni?"

"Bí wọn ò bá ní géni jẹ, kí ló ń lé ẹ?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ jókòó, àǹtí. Kò ní pẹ́."

Má-dá-mi-dúró pòṣé, ó jókòó gbì, ó fọwọ́ bo ojú òsì, ó sì ka lẹ́tà náà wàrà-wàrà dé ìsàlẹ̀. Ó ti ń dìde.

"Ó ku ọ̀kan," ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

Má-dá-mi-dúró bo ojú ọ̀tún. Pátákó wà níbẹ̀, àmọ́ bí ẹni ń yọjú lójú ihò kọ́kọ́rọ́ ló ṣe rí i. Lẹ́tà kan. Ó yí orí díẹ̀, òmíràn yọ, ti àkọ́kọ́ sì lọ. Nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó ti pòórá, ṣóńṣó ọ̀pá tó fi ń tọ́ka nìkan ló kù.

"Ṣé wọ́n ti mú iná lọ ni?"

"Iná wà," nọ́ọ̀sì wí. Kò fi ṣàwàdà mọ́. "Ẹ gbé orí yín dúró, ẹ ń yí i."

Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kì í sáré sọ̀rọ̀, kán oògùn sí i lójú, ó wọn ọ̀tún, ó wọn òsì, ó tan iná wo inú méjèèjì.

"Ìfúnpá inú ẹyinjú yín ga gan-an," ó wí. "Ó ti pa lára iṣan ojú òsì. A ò lè dá èyí tó ti lọ padà. Ṣùgbọ́n ọ̀tún ṣì dára, a lè fi oògùn ṣọ́ ọ. Ṣé ẹnì kan ní irú rẹ̀ nínú ẹbí yín?"

"Ìyá mi," Bàbá dáhùn.

Má-dá-mi-dúró yíjú sí i. "Ẹ ti mọ̀."

"Mo fura ni. Màmá mi máa ń gbé orí sápá kan báyẹn, bí ẹni ń tẹ́tí sí yàrá kejì. Nígbà tí mo rí i lára rẹ nídìí ẹ̀rọ, mo ní kí o lọ wo ojú rẹ. O ní o ò ráyè."

Òótọ́ ni. Ó rántí òwú títú tó máa ń bá nílẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ tirẹ̀ láàárọ̀, tó máa ń gbá dànù, tó máa ń kùn pé Bàbá ti tún ba nǹkan jẹ́.

"Àwọn aṣọ tó wọ́ yẹn..."

"Mo ń tú wọn, mo ń tún wọn rán kí o tó dé. Èyí tí mi ò bá tètè rí ló ń bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà."

"Ẹ sì jẹ́ kí n máa dá yín lẹ́bi."

"Bí mo bá ní ìwọ ni, ṣé ò bá tẹ̀ lé mi wá?"

Dókítà yẹ ojú Bàbá náà wò fínnífínní, torí ohun tó gbọ́ nípa ìyá rẹ̀, ó sì ní ìfúnpá rẹ̀ dára, gíláàsì tí yóò máa fi rí ojú abẹ́rẹ́ ló nílò. Ó ní kí ọmọ lọ dúró lórí bẹ́ńṣì, àyẹ̀wò kù, ó sì máa pẹ́ díẹ̀.

Má-dá-mi-dúró lọ jókòó lẹ́bàá ògiri, láàárín àwọn tí kò pariwo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ bí ẹni tó ṣì ń wa ẹ̀rọ. Ó bo ojú ọ̀tún, ó ṣí i, ó tún bò ó.

Bàbá dúró níwájú rẹ̀. "Jẹ́ kí n sáré lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ wà níbẹ̀."

Má-dá-mi-dúró na ọwọ́, ọwọ́ náà tàsé lẹ́ẹ̀kan kó tó di etí aṣọ bàbá rẹ̀ mú, etí tó gún régé láti òpin dé òpin.

"Bàbá, ẹ má lọ," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó dè mí."