Ẹni Tí Sìlífátù Bá ní Àtìmọ́lé

Lọ́dún 1956, ìjọba yan ará ìlú méje pé kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ kóòtù àti àtìmọ́lé wò, kí wọ́n sì gba òun nímọ̀ràn. Sìlífátù, oníṣòwò aṣọ láti Ẹ̀pẹ́, nìkan ni obìnrin inú wọn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra gèlè tuntun. Ìkòròdú ni wọ́n ti ń ṣèpàdé; Ọ̀gbẹ́ni Adélàjà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n lọ wo àtìmọ́lé kan. Ìlú tó wà, ẹ jẹ́ ká fi bò. Yàrá kan ni, fèrèsé rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọkùnrin mọ́kànlá ló sì há síbẹ̀. Alága ń bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ẹnì kan tó fara ti ògiri, tí irùngbọ̀n bò lẹ́nu.

"Wọ́n ní mo jí ìdì aṣọ lọ́jà Ejìnrìn, sà. Ọdún kẹta rèé. Wọn ò tíì pè mí sí kóòtù. Wọ́n ní ẹni tó fẹjọ́ sùn làwọn ń retí."

Sìlífátù sún mọ́ wọn. Ó mọ ohùn náà. Bàdírù ni, atukọ̀ ará Ìjẹdé tó máa ń bá a kó ẹrù lórí ọ̀sà. Sìlífátù fúnra rẹ̀ ló nàka sí i fún ọlọ́pàá.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó fẹjọ́ sùn ló rí ìdì aṣọ ọ̀hún lọ́dọ̀ Fàósátù àbúrò rẹ̀, tó ti ṣèèṣì gbé e mọ́ tirẹ̀. Ojú tì í. Ó ní bí òun ò bá ti yọjú sí kóòtù, wọn yóò kúkú tú ọmọkùnrin náà sílẹ̀. Nígbà tí kò rí i lórí omi mọ́, ó rò pé ó ń bínú ni.

Bàdírù gbójú sókè, ó rí i.

"Ìyá, ẹ kú àtijọ́. Ṣé ẹ padà rí aṣọ náà?"

Sìlífátù dáhùn. "Mo rí i. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti rí i."

Bàdírù kò bú u. Ńṣe ló rọra jókòó sílẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ kejì," ló ń wí. "Ọ̀sẹ̀ kejì."

Níta, alága fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, nínú ìwé tí a ó fún ìjọba, a ó kàn kọ ọ́ pé obìnrin kan ló fẹjọ́ sùn."

"Rárá o, sà. Ẹ kọ orúkọ mi, kẹ́ ẹ kọ ti bàbá mi mọ́ ọn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó lọ jẹ́wọ́ níwájú adájọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú Bàdírù sílẹ̀. Sìlífátù sìn ín dé etí ọ̀sà, ó ní òun fẹ́ bá a dé Ìjẹdé lọ bẹ ìyá rẹ̀.

"Ẹ má wá," ni Bàdírù wí, kò sì wojú rẹ̀. Ó wọkọ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ náà kọ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lo ju ọjọ́ méje lọ ní àtìmọ́lé láì fojú kan adájọ́. Ìjọba gbà á. Ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ń kí Sìlífátù kú iṣẹ́ ìlú, ṣùgbọ́n kò wé gèlè tuntun náà mọ́.