Síńkì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kùn

Onínúfùfù ni mí. Kò sí ẹni tó bá mi gbé rí tí kò mọ̀. Ìyàwó mi máa ń sọ fún àlejò pé bí inú bá ti ń bí mi, kí wọ́n tètè kó àwo kúrò nílẹ̀, ẹ̀rín la sì máa ń fi í rín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mi ò fọ́ àwo kankan, mi ò pariwo. Mo dákẹ́ ni. Ìdákẹ́ yẹn ló bayé mi jẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi lò níbẹ̀, èmi lo méjìlélógún. Àwọn ló mú mi wọlé, àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú. Bàbá Ọ̀dà ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Bí wọ́n bá ti fi irin ńlá gbé ọkọ̀ jáde kúrò nínú omi, àwa la ó fá ìdí rẹ̀, àwa náà la ó kùn ún ní ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí ìkarahun wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn.

Etí ló ṣòro jù. Ohun tí à ń pè ní etí ni irin pẹlẹbẹ méjì tó wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀ oníẹ́ńjìnnì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Awakọ̀ á tẹ bọ́tìnì, wọ́n á gbéra sókè tàbí kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí imú ọkọ̀ má baà máa wo ọ̀run, kí ó má sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́dọọdún la gbọ́dọ̀ fá wọn, ká fi sáńpépà ha wọ́n dé irin, ká kùn wọ́n ní ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí ọ̀dà pupa tó gùn ún. Gbogbo rẹ̀ la ó kùn, àfi síńkì. Síńkì ni irin róbótó tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ etí kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju pé kí omi iyọ̀ máa jẹ òun, kó fi irin yòókù sílẹ̀. Bí ọ̀dà bá bò ó, omi á kọjú sí híńjì tó gbé etí dúró, á sì jẹ ẹ́ tán.

Àwa yòókù máa ń lẹ téèpù mọ́ síńkì ká tó kùn. Ẹ̀gbọ́n mi kì í lẹ nǹkan kan. "Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ló ń lẹ téèpù," ni wọ́n máa ń wí. Àtàǹpàkò òsì ni wọ́n fi ń tọ bèbè síńkì, búrọ́ọ̀ṣì á sì máa tẹ̀ lé àtàǹpàkò yí po. Ẹ̀kán ọ̀dà kan kì í kan síńkì wọn. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ rí, ọwọ́ mi ló pọ́n láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́, wọ́n rí kóòtù mi tí mo fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ ò jókòó?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo wo ojú wọn ni ẹ̀rín náà gbẹ. Wọn ò ṣe àwàdà. Wọ́n ń dúró kí kóòtù dáhùn ni.

Dókítà ní kò sí àtúnṣe. Ojú wọn ti di bàìbàì, yóò sì máa burú sí i. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́bàá ibùsùn wọn, wọ́n di orúnkún mú. Ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ wà lọ́nà jíjìn, tí wọn kì í pè ju ìgbà ọdún lọ. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, bí wọ́n bá gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, kí wọ́n kúkú gbẹ́lẹ̀ sin mí." Àwa méjèèjì la sì mọ̀ pé wọ́n á gbà á. Ọdún tó ṣáájú, Màdáámù, ọ̀gá wa, gbọ́ pé ojú wẹ́dà kan tó ń jó irin ti di bàìbàì, kò sì jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn parí kó tó ní kó máa lọ ilé.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń tọ ẹ̀yìn wọn nìyẹn. Bí wọ́n bá ti kùn tán, tí wọ́n lọ mu omi, èmi á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àkísà àti tínà tó ń bó ọ̀dà, máa nu ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti ṣìnà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é, ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn kọjá omi lọ sí ọsípítù la ń ṣe ní Ọjọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí. Aláwàdà ló ń wà á. Orúkọ tí a fún un nìyẹn, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òun àti Káfíńtà, ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, dúró sí ìdí ọkọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń nu ẹ̀gbẹ́ etí òsì, n ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti dé ẹ̀yìn mi.

"Kí lò ń nù níbẹ̀ yẹn?"

"Eruku ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Eruku wo ló ń rùn bíi tínà?"

Aláwàdà bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Bàbá Ọ̀dà! Ẹ ti ní ọ̀gá tuntun nìyẹn o! Ẹ kí wọn dáadáa kí wọ́n má baà lé yín!" Káfíńtà náà di ikùn mú. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín wọn. Ṣùgbọ́n ojú ti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù sì bà wọ́n, wọ́n rò pé àṣírí ti fẹ́ tú.

Wọ́n ní, "Ìwọ yìí! Ìgbà tí o dé ibí, o ò mọ iwájú ọkọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ìwọ ló wá ń ṣọ́ mi bí ọmọ tó ń jẹ iyẹ̀pẹ̀? Láti òní lọ, mi ò fẹ́ rí ọwọ́ rẹ níbi tí mo bá ti ṣiṣẹ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà." Mo ju àkísà sínú garawa. Ọdún mẹ́ta lórí orúnkún, ìyà wo ló ń jẹ mí? Ṣé ọpẹ́ mi rèé?

Nígbà tí a fẹ́ ṣíwọ́, mo gba ìdí ọkọ̀ náà kọjá. Etí òsì dára. Lára etí ọ̀tún, síńkì pọ́n rokoso. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n kó síńkì tuntun dé, ó fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bèbè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ga ju irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n mi ti wá bèbè tì, búrọ́ọ̀ṣì sì gba orí rẹ̀ kọjá.

Mo dúró síbẹ̀. Ọ̀dà kò tíì gbẹ. Garawa wà níbẹ̀, àkísà wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré. Mo sì sọ lọ́kàn mi pé, ẹ ní ẹ ò fẹ́ rí ọwọ́ mi, ẹ ò ní í rí i. Lọ́la, màá mú ìka yín, màá gbé e lé síńkì yìí, kí ẹ mọ ẹni tó ń bo àṣírí yín. Mo fẹ́ kí wọ́n bẹ̀ mí. Ẹ gbọ́ o, tìtorí kí ẹ̀gbọ́n mi lè bẹ̀ mí ni mo ṣe lọ ilé.

Mo dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ti lọ. Ọkọ̀ aláìsàn kejì ló bà jẹ́ lójijì, aláìsàn sì wà ní òdìkejì omi, ni Màdáámù bá ní kí wọ́n gbé èyí tí a kùn sọ̀ kalẹ̀ sínú omi ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Mo dúró síbi tí wọ́n ti gbé e, mò ń wo ẹ̀kán ọ̀dà pupa tó wà nílẹ̀.

Ẹ ó ní, kí ló dé tí o ò sọ? Ta ni n bá sọ ọ́ fún? Bí mo bá sọ fún Màdáámù, yóò bi mí pé ta ló kùn ún, kí ló sì dé tó kùn ún. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi á lọ. Lẹ́yìn náà yóò bi mí pé ìwọ tó o rí i ńkọ́? Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ fún ara mi. Mo ní etí kan péré ni, mo ní omi kì í yára jẹ irin báyẹn. Mo ní ọdún kan ò jìnnà, ọkọ̀ á padà wá, màá fi ọwọ́ ara mi ha á.

Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi kan ilẹ̀kùn wa. Wọ́n ní, "Má bínú sí mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ìwọ ni mo wá ń kanra mọ́." Bí wọ́n ṣe bẹ̀ mí nìyẹn, láìjẹ́ pé mo gbé ìka wọn lé nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ síńkì dé ọ̀fun mi. Mo gbé e mì.

Aláwàdà máa ń wá gba epo lọ́dọ̀ wa. Mo máa ń bi í pé, "Etí ọkọ̀ rẹ ńkọ́?" Á ní, "Ó ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ju ìyàwó mi lọ!" Màá bá a rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi nìkan ni mo sọ fún. Ó ní, "Lọ sọ ọ́ lónìí." Mo ní màá sọ ọ́. Ó bi mí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo jágbe mọ́ ọn, kò sì bi mí mọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, mo mọ òwe yẹn dáadáa, mo sì ń sùn.

Ní oṣù kẹwàá, kí ọdún náà tó pé, etí ọ̀tún já bọ́ lórí eré. Aláwàdà ṣẹ̀ṣẹ̀ já aláìsàn sílẹ̀ ni, òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ dojú kọ ọ̀tún lójijì, ó lọ kọ lu òpó èbúté, ó sì ju Aláwàdà sórí kọnkéré. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ló kán. Dókítà sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó má retí pé yóò tún rìn mọ́.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà padà wá, Màdáámù sì pe gbogbo wa jọ sí ìdí rẹ̀. Wọ́n ti wá etí tó já náà rí nínú omi, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Omi ti jẹ híńjì tán, ó ń fọ́ bíi bisikíìtì. Síńkì wà digbí, pẹ̀lú ọ̀dà pupa lórí rẹ̀.

"Ta ló kùn ún?"

Ẹ̀gbọ́n mi rìn síwájú, wọ́n na ọwọ́ títí ó fi kan tábìlì. Wọ́n fi àtàǹpàkò wá síńkì náà, wọ́n fi pa á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn èèyàn ń wo bí wọ́n ṣe ń wá a, ó sì yé gbogbo wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Èmi ni, Màdáámù," ni wọ́n wí. "Mi ò ríran. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mi ò ti ríran dáadáa."

Màdáámù yíjú sí mi. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ṣe ọkọ̀ yìí. Ṣé ìwọ náà ò rí i?"

Ẹnu mi là, mo gbọ́ ohùn ara mi. "Mi ò rí i, mà."

Wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà. Èmi ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Èmi ò rí òtítọ́ kankan tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mú àwọn lọ kí Aláwàdà. Wọn ò lè dá òpópónà kọjá mọ́. Mo di ọwọ́ wọn mú, a gun àtẹ̀gùn dé àjà kejì, ìyàwó Aláwàdà ṣílẹ̀kùn fún wa. Aláwàdà fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti rù. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ wá bèbè ibùsùn.

"Bàbá Ọ̀dà, ẹ dìde," Aláwàdà wí. "Ojú tó fọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí kò yé mi ni ti àbúrò yín. Ṣebí òun ló ń tún iṣẹ́ yín wò lọ́jọ́ tí mo rẹ́rìn-ín yẹn?"

"Èmi ni mo lé e," ẹ̀gbọ́n mi wí. Omi ti gba ojú wọn. "Èmi ni mo ní kó má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀bi ti èmi náà nìyẹn. Mo mọ àbúrò mi. Ká ní ó rí i ni, bó ti wù kí inú bí i tó, kò ní fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Wọ́n yíjú wá mi, kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n dojú kọ. "Àbí irọ́ ni mo pa, àbúrò mi?"

Aláwàdà ń wò mí. Ojú tirẹ̀ ríran kedere. Ó wò mí títí mo fi yí ojú mi sí fèrèsé.

"Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi," ni mo wí. "Ẹ dìde, ká máa lọ ilé."

Mo fà wọ́n dìde. Mo ń ka àtẹ̀gùn fún wọn bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú gírígírí, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí a fi dé ìsàlẹ̀.