Òkú Ilé Ọkọ

Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Deok-im ti wọ ilé ọkọ rẹ̀ ní ìlú Yeongju, kò sí ọdún kan tí kò dáná ìrántí fún bàbá ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tó ti kú kí òun tó débẹ̀. Á dín ẹja, á dín tófù tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, á bọ ewébẹ̀ oríṣi mẹ́ta. Àwọn ọkùnrin á wọṣọ, wọ́n á wólẹ̀ níwájú tábìlì oúnjẹ. Òun á wà ní kíṣìnì, ẹ̀yìn á máa ro ó.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà ìwọ́wé, ìyá tó bí Deok-im kú, ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ṣe ìrántí náà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n máa ń sìnkú. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ rẹ̀ pè é lórí fóònù pé kó máa bọ̀, pé òkú òní kì í gba ipò òkú àná. Deok-im sì lọ. Ẹja ló ń dín lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ bo ìyá rẹ̀.

Kò sunkún. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti dì sí i láyà bí òkúta gbígbóná. Bó bá jẹun, oúnjẹ á há. Bó bá sùn, ooru á jí i. Ó gba ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan lọ, tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣètọ́jú lẹ́bàá ibùdókọ̀.

"Ta lò ń bínú sí?" ni ìyá àgbà bi í, bó ṣe ń gún un lábẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Mi ò bínú sẹ́nì kankan. Ó kàn rẹ̀ mí ni, Ìyá."

"Ṣó o wà nílé ọkọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "O wà nílé ọkọ, o ò bínú sẹ́nì kankan. Ẹni tí ò lọ́kọ rí ni kó o lọ purọ́ yẹn fún. Àìsàn iná lèyí. Ìbínú tí ò rí ẹnu gbà jáde, àyà ló ń jó."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lóògùn tó máa pa á."

"Kí lo fẹ́ pa á fún? Nínú gbogbo ilé yẹn, ta ló tún ń gbèjà ẹ lẹ́yìn iná yẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà ò dùn mọ́ Deok-im. Ó sanwó, ó lọ ra tófù.

Nígbà tí ọdún yí po, àyájọ́ ikú ìyá rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ tí ìpalẹ̀mọ́ ìrántí bàbá ọkọ bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò bí ọkùnrin. Bí Deok-im ò bá lọ, kò sẹ́ni tó máa bu ọtí sílẹ̀ fún un. Ní àárọ̀, ó lọ bá Sang-geun ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Yu-ran, mo fẹ́ lọ sí sàréè ìyá mi. Ọ̀la ni màá dé."

Sang-geun ò gbójú kúrò lára fóònù. "Ṣé kò lè di ẹ̀yìn ìrántí ni? O ṣáà mọ̀ pé Ìyá ò ní gbà."

Ìyá ọkọ jókòó sílẹ̀, ó ń bó áyù. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú. "Ìyàwó, obìnrin tó ti lọ́kọ, òkú ilé ọkọ lòkú ẹ̀. Ìyá tí ò bí ọkùnrin ti mọ̀ tipẹ́ pé ebi ló máa pa òun lọ́run."

Iná ru sí Deok-im láyà. Bó bá ti ru bẹ́ẹ̀, ó máa ń gbé e mì, á ní, "Ó dáa, Ìyá." Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ohun mìíràn ló jáde.

"Bàbá tí ẹ fẹ́ ṣèrántí wọn, mi ò mọ̀ wọ́n rí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń dín ẹja fún wọn. Ẹ ò jẹ́ kí n da ẹ̀kúnwọ́ yẹ̀pẹ̀ kan bo ìyá mi. Mò ń bínú, Ìyá. Mò ń bínú sí yín, mò ń bínú sí ọmọ yín, mo tiẹ̀ ń bínú sí ara mi, torí pé nígbà tẹ́ ẹ pè mí, mo wá."

"Orí ẹ̀ ti yí," ni ìyá ọkọ wí. "Sang-geun, ṣó ò ń gbọ́ ìyàwó ẹ?"

"Ìyá Yu-ran, rọra, àwọn aládùúgbò..."

"Kí wọ́n gbọ́! Ẹja wà nínú fìríìjì. Bàbá yín ni, ẹ dín in fún wọn." Ó tú aṣọ ìdáná nídìí, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì jáde lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Koríko ti ga dé orúnkún lórí sàréè. Deok-im gbé èso píà sílẹ̀, ó bu ọtí ìrẹsì sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ẹkún ò kọ́kọ́ wá, ariwo ló wá.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa mú un mọ́ra! Ẹ ò sọ ibi tí màá mú un mọ́ra dé!"

Ó ń lu ilẹ̀. Ó sunkún títí ikun fi bo ẹnu rẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́ tán, ó jẹ ìlàjì èso náà, ó fẹ̀yìn ti òkìtì yẹ̀pẹ̀, ó sùn lọ nínú oòrùn. Bó ṣe jí, òkúta àyà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mí kanlẹ̀.

Ilé aládùúgbò ìyá rẹ̀ ló sùn. Nígbà tó padà lọ́jọ́ kejì, òórùn ẹja jíjó gba gbogbo ilé. Sang-geun ti fi aṣọ di àtàǹpàkò, ìlàjì ẹja ti dúdú bí èédú. Ìyá ọkọ kọjú sí ògiri. Ó rẹ Deok-im dé eegun.

"Èmi á se ọbẹ̀ àti ìrẹsì," ó wí. "Ẹ̀yin ẹ parí ẹja yín."

Sang-geun parí i. Lọ́jọ́ ìrántí, wọ́n gbé e síwájú bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀run ò sì já.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìyá ọkọ ò fi bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá, bí Deok-im ṣe ń sá ata, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ṣé koríko wà lórí sàréè ìyá ẹ?"

"Ó ga dé orúnkún."

Arúgbó náà mú ata kan tó bọ́ sílẹ̀, ó dá a padà. "Dòjé wà lẹ́yìn ilé."

"Mo mọ̀," ni Deok-im wí, ó ń tẹ́ ata síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Bàbá Yu-ran ló máa lọ gé e."