Yanrìn Kì í Bímọ

Iṣẹ́ mi ni kí n mọ̀ bóyá yanrìn tí wọ́n fẹ́ fi po kọnkéré kò kúnná jù, kò sì ní hóró ńláńlá jù. Ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó yan án gbẹ, ẹ ó wọ̀n ọ́n. Ẹ ó wá fi asẹ́ tí a tò lérí ara wọn jọ̀ ọ́, olójú ńlá lókè, olójú wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Ẹ ó wọn ohun tó kù sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rò ó pọ̀. Bí àpapọ̀ rẹ̀ kò bá bá ìwọ̀n àkọ́kọ́ mu, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìyá mi ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ìgbà tó wá kẹ́yìn, mo pẹ́ dé ibùdókọ̀, Màmá sì ti wọkọ̀ padà sílé. Ó bá mi yan odì títí gbogbo ẹbí fi bẹ̀ ẹ́. N kò fẹ́ irú ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Àfi agbaṣẹ́ṣe tó ni yanrìn, tó ní òun ò kúrò lẹ́yìn mi àfi tóun bá gbọ́ èsì. Ó múra bí ọkọ ìyàwó, ó da páúdà sórí tó fá kodoro. Ó tẹrí ba sórí àwo tó wà lábẹ́ gbogbo asẹ́, níbi tí ìyẹ̀fun yanrìn wà.

"Àǹtí, ṣé ó dá..." Ló bá sín! Ìyẹ̀fun gbéra, ó bà lé e lórí.

"Ẹ má mira o!" Mo fa búrọ́ọ̀ṣì yọ, mo ń gbá orí rẹ̀ sínú àwo bí ẹni ń gbá àgbàlá. Nígbà tí mo rò ó pọ̀, yanrìn ti wúwo ju bó ṣe wọlé lọ. Ó sì ń ta sánsán.

"Ọlọ́run ló bù sí i," ni agbaṣẹ́ṣe wí.

"Ọ̀gá, yanrìn kì í bímọ. Páúdà yín ni!"

Mo ní láti tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ìyá mi ti fẹ́ dé ibùdókọ̀. Mo na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi sí i. "Ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀, ẹ lọ gbé ìyá mi wá. Obìnrin kúkurú, tó máa ń bínú kí èèyàn tó ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ yáa tètè máa bẹ̀ ẹ́."

Yanrìn mìíràn ni mò ń fọ̀ nígbà tí wọ́n wọlé. Màmá ò wojú mi. Ó gba bẹ́sínì lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún agbaṣẹ́ṣe.

"Fọ̀ ọ́! Ṣé bí wọ́n ṣe ń fọ nǹkan nílé yín nìyẹn? Omi yẹn ò tíì mọ́!"

"Ẹ má bínú, Màmá," ni agbaṣẹ́ṣe wí.

"Ta ló ń bínú?" Ó jókòó sórí àga mi, ó bọ́ bàtà, ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ìbínú tó rù bọ̀ láti ilé nítorí tèmi, ó ti rí ẹlòmíì sọ̀ ọ́ lé.