Ọdún Méje Tí Mo Fi Kún Ọjọ́ Orí Motaleb

1.

…tí kò sì ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì, a kò ní sọ ìwé ìgbélùú rẹ̀ dọ̀tun mọ́ tó bá ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún.

(Ìjọba lẹ ìkéde yìí mọ́ ògiri ilé tí à ń gbé ní Jleeb, nílẹ̀ òkèèrè tí a ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní àlejò ti pọ̀ ju onílé lọ.)

2.

Ọjọ́ orí Motaleb nínú ìwé ìrìnnà: ọgọ́ta.
Èyí tí ìyá rẹ̀ mọ̀: mẹ́tàléláàádọ́ta.
Ẹni tó fi méje kún un: èmi.

3.

Ní Noakhali, nílé wa lọ́hùn-ún, àwọn tó ń kó èèyàn wá ṣiṣẹ́ síbí kì í mú ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Motaleb. Èmi ni mo mọ̀wé láàárín wa, èmi ni mo bá a kọ fọ́ọ̀mù. Mo fi ọdún mẹ́rin kún tèmi, mo fi méje kún tiẹ̀. Ọjọ́ orí dà bí iyọ̀ nígbà náà, bó bá ṣe wù ọ́ lo ṣe máa bù ú sí i. A rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa lọ fún méjìdínlógójì.

4.

Kì í ṣe iṣẹ́ tí yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń dùn ún. Jashim, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, já bọ́ láti orí ilé tí wọ́n ń kọ́ níbí, ó sì kú. Inú àpótí la máa ń fi òkú wa ránṣẹ́ sílé. Motaleb kọ̀.

"Ilé wo? Odò ti gbé e lọ. Ibi tí mo bá wà lọmọ mi máa sùn."

Gbogbo Jímọ̀ ló ń lọ bomi sórí sàréè rẹ̀.

5.

(Ojú fèrèsé, ọ́fíìsì ìgbélùú.)

AKỌ̀WÉ: Ọgọ́ta. Ó parí.
ÈMI: Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe ni. Mẹ́tàléláàádọ́ta ni.
AKỌ̀WÉ: Ta ló ṣe àṣìṣe?
ÈMI: Ó ti pẹ́, ọ̀gá.
AKỌ̀WÉ: Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé irọ́ ló fi wọ̀lú. Ẹ̀wọ̀n nìyẹn. Bàbá, èwo lo mú níbẹ̀?
MOTALEB: Mo ti pé ọgọ́ta, ọ̀gá.

6.

Ẹrù tí wọ́n gbà kó gbé wọ bàálù: ọgbọ̀n kílò.

7.

(Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú.)

MOTALEB: Má sunkún mọ́. Ìwọ lo sọ mí di ẹ̀gbọ́n. Ṣebí ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ lọ?
ÈMI: Dárí jì mí.
MOTALEB: Máa bá mi bomi sí i.
ÈMI: Màá bomi sí i.
MOTALEB: Gbogbo Jímọ̀ o. Kì í ṣe ìgbà tó bá wù ọ́.

8.

Jímọ̀. Oòrùn ti jẹ nọ́ńbà ara àwọn òkúta orí sàréè. Méjì ló jọ nọ́ńbà tí Motaleb kọ fún mi. Èèyàn ò sí níbẹ̀ tí mo lè bi.

Mo bomi sí méjèèjì.

Irọ́ ni. Omi ò tó. Ọ̀kan ni mo bomi sí. Ojú ń tì mí.

9.

(Lórí fóònù.)

MOTALEB: Ṣé o dé ọ̀dọ̀ Jashim?
ÈMI: Mo débẹ̀.
MOTALEB: Ọlọ́run á san án fún ọ. Ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí ìyá ẹ̀ náà rí i.

10.

Fọ́tò sàréè méjì ló wà nínú fóònù mi: èyí tí mo bomi sí, àti èyí tí n kò bomi sí.