Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé Etí Òkun

Ìdí mi kì í gbé ojú kan. Bí mo bá jókòó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lábẹ́ àga, màá dìde, màá yọjú síta, màá tún jókòó. Ọkọ mi ní mi ò ní ìsinmi. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n òun náà ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀, torí iṣẹ́ kì í pẹ́ nílẹ̀ nílé wa.

Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi sáré láti Ọ̀tà dé etí òkun Àgbádárìgì lọ́dún 2002, ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n dá eré ìje ọ̀hún sílẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta kìlómítà. Nígbà yẹn, kò sóṣù tí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kan kì í ṣílé lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, wọ́n sì ti ń kọ́ géètì yunifásítì kan síbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ò fẹ́ kẹ́yìn, ni wọ́n bá ní eré ìje ni tiwọn. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á mú òṣìṣẹ́ tirẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní káàdì ilé iṣẹ́ nìkan ló lè sáré.

Èmi Sìkírátù ò ní káàdì. Kásúà ni mí, òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́ tí kò níwèé ìgbanisíṣẹ́, nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike. Ṣùgbọ́n kò sí kásúà tí kò mọ ọgbọ́n yìí: bí ẹni tó ní káàdì ò bá lè wá, wàá gba káàdì rẹ̀, wàá wọlé lórúkọ rẹ̀, àwọn ará géètì á sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mọ̀nsúrát, tí a jọ ń dúró ti ẹ̀rọ kan náà, lóyún oṣù márùn-ún, ara rẹ̀ ò sì yá. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń fi káàdì rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa, Akínwándé, mọ̀ pé eré ni mo máa ń sá wá síbi iṣẹ́ láti Itele láràárọ̀.

"Mọ̀nsúrát," orúkọ ara káàdì ló fi pè mí, "ìwọ lo máa sáré fún wa."

Mi ò jiyàn. Bí mo bá jiyàn, èmi àti Mọ̀nsúrát la jọ máa pàdánù iṣẹ́.

Mo sáré. Mo kọjá Ìjù, mo kọjá Àtàn, mo la Lùsádà kọjá. Kí n tó yọ sí Àgbárá, èékánná ẹsẹ̀ mi méjì ti ṣí, kò sì sí obìnrin kankan níwájú mi. Aago kan ọ̀sán kọjá díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ mi kan iyanrìn. Wọ́n ké orúkọ Mọ̀nsúrát Adérógbà, mo nawọ́ sókè. Inú mi dùn, ó sì dùn mí wọra.

Mo gbé ife ẹ̀yẹ náà fún ẹni tó ni orúkọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Mọ̀nsúrát wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dìde jẹ́rìí pé oyún Fọlájìmí wà nínú òun tí Ọlọ́run fi gbé òun dé etí òkun. Gbogbo ìjọ fò sókè. Wọ́n fi jẹ dìkínẹ́sì, ọdọọdún ni wọ́n sì ń pè é láti jẹ́rìí náà. Ọ̀rẹ́ ṣì ni wá. Àmọ́ bí ọjọ́ eré ìje bá ti pé, ilé kì í gbà mí. Màá fẹsẹ̀ rìn dé Àtàn, màá padà, láìra nǹkan kan.

Nígbà tí eré náà pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ní kí Dókítà Fọláwẹwọ́, olùkọ́ yunifásítì kan, kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé. Ó wá bá Mọ̀nsúrát ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sàǹgó. Mọ̀nsúrát ní kí n wá jókòó ti òun.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lọ̀nà ṣe rí ní Lùsádà?"

Mọ̀nsúrát wò mí.

"Ẹrẹ̀ ni," mo ní. "Òjò ti ba títì jẹ́."

"Ta ló fún yín lómi?"

Ó tún wò mí.

"Àwọn tó ń fọ mọ́tò ní Àgbárá. Wọ́n da garawa omi kan lé mi lórí."

Dókítà dáwọ́ ìwé kíkọ dúró. "Lé yín lórí, mà?"

Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. "Dókítà, èmi ni mo sáré ọ̀hún. Káàdì Ìyá Fọlájìmí ni mo lò."

Mo rò pé Mọ̀nsúrát máa sẹ́.

"Òun ni," ó ní. "Lásìkò yẹn, gígun àtẹ̀gùn lásán ń dá mi lágara, ká má tíì sọ eré."

Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń retí ìwé yẹn. Mo ń pe Dókítà, ó ń ní kí n fọkàn balẹ̀. Ọkàn wo? Mo kàn fẹ́ rí orúkọ mi níbi tí ẹsẹ̀ mi dé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ìwé jáde nínú gbọ̀ngàn yunifásítì, mo ṣí i lórí ìdúró. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọláníkẹ́ Fákọ̀yà ló gbégbá orókè láàárín àwọn obìnrin lọ́dún 2002. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn fagi lé ẹni tó kọ́kọ́ dé, nítorí pé káàdì ẹlòmíràn ló lò. Kí Ọláníkẹ́ tó dé lọ́jọ́ yẹn, mo ti sùn lórí iyanrìn, mo ti jí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Wọn ò sọ ohun tójú òtítọ́ ń rí lẹ́yìn tó bá bá a tán. Nígbà tí orúkọ Mọ̀nsúrát ṣì wà níbẹ̀, eré tí mo sá ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo fẹnu ara mi pa á rẹ́, ó sì dùn mí.

Mọ̀nsúrát wá jókòó ti mí. Ó ti jẹ́wọ́ níwájú ìjọ, wọ́n sì ti gba oyè dìkínẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo na ìwé sí i. Ó kà á, ó pa á dé.

"Sìkírá, báwo ni òkun yẹn ṣe rí?" ó bi mí. "Ọdún méjìlá ni mo fi jẹ́rìí ẹ̀. Mi ò débẹ̀ rí."

Kò sẹ́ni tó bi mí rí. "Ó fẹ̀," mo ní, "ariwo rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pe orúkọ rẹ kí n tó dáhùn."